Ilé Tó Gun Bàbá Mi Lórí

Lọ́jọ́ tí katakata dé agboolé wa ní Ìsàlẹ̀-Afọ̀n,
ìyá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Oyèdòkun, kò sunkún.
Ó gbé àtẹ láfún rẹ̀ kúrò lójú oòrùn,
ó gbọn ìyẹ̀fun dànù lára ìró,
ó ní, "Ẹ rọra o.
Ọkùnrin kan ń sùn ní yàrá kejì lọ́wọ́ ọ̀tún."
Ẹnjiníà kọ ọ́ sínú ìwé.
Kò béèrè orúkọ ẹni tó ń sùn.

Àwa mọ́kàndínlógún la fọwọ́ sí i.
Oyèdòkun fọwọ́ sí tirẹ̀ láti Kánò, lórí fóònù.
Ládépò, tí kì í bá wa dá owó páànù,
fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì.
Wọ́n ní ilẹ̀ kì í bímọ, ènìyàn ló ń bímọ;
wọ́n ní àwọn ọmọléèwé ń ya wọ̀lú
bí èèrà tó gbọ́ òórùn ṣúgà,
yàrá kan nítòsí Tákíé ti gba owó oko kàṣú ọdún kan,
níbo ni wọ́n ó sùn bí kò ṣe lókè?
Bẹ́ẹ̀ la ṣe pín ojú ọ̀run
bí ẹni ń pín ogún.

Ní àjà kẹta, a kò rí ṣóńṣó mọ́ṣáláṣí mọ́.
Ní àjà karùn-ún, òjìji ilé bo kànga àwọn ará ẹ̀yìnkùlé
títí di ìrọ̀lẹ́.
Nígbà tó pé méje,
àwọn àgbà ń dúró lójú ọ̀nà,
wọ́n ń fọwọ́ di fìlà mú
kí wọ́n tó wòkè.

Yàrá méjì ló kàn wá, ní àjà kẹfà.
Ìyá mi kì í pè é ní ilé.
"Mò ń lọ Òkè," ni yóò wí, bí ẹni ń relé oko.
Àtẹ̀gùn méjìléláàádọ́fà: ó kà á,
ó sọ mẹ́ta tó ti ń sinmi lórúkọ.
Ọ̀kan ń jẹ́ Rọra, ọ̀kan ń jẹ́ Orúnkún,
ẹ̀kẹta kò ṣeé pè níwájú ọmọdé.
Lífíìtì wà o.
Láti ọjọ́ ìṣílé ló ti dúró láàárín àjà kejì sí ìkẹta
bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe.

Láyé agboolé, kí ẹnì kan káàárọ̀,
ogún ẹnu á dá ọ lóhùn.
Lánàá mo kí ọmọ Ṣakí kan lórí àtẹ̀gùn,
ó yọ nǹkan létí, ó ní,
"Ẹ ní kí ni, mà?"
Àfi bí iná bá dé lóru
ni àjà méjèèje máa ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà,
tí mo máa ń rò pé agboolé kò kú,
ó kàn dìde dúró ni.

Òrùlé ni ìyá mi ń sá láfún sí báyìí.
Alámòójútó lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn:
Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sá ohunkóhun síbí.
Ìyá mi kò mọ̀wé.
Èmi mọ̀ ọ́n. N kò kà á fún un.

Alábàárù ni bàbá mi nígbà ayé rẹ̀.
Ó ru iṣu, ó ru àgbàdo, ó ru sìmẹ́ǹtì ilé onílé,
ọrùn rẹ̀ ki bí ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀.
Ọwọ̀n kẹrin dúró sí yàrá kejì lọ́wọ́ ọ̀tún.

Lóru, bí ẹ̀rọ omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà,
ògiri á gbọ̀n díẹ̀, ife á ké lórí tábìlì.
Mo ní ẹ̀rọ ni.
Ìyá mi ní, "Ó ń pààrọ̀ èjìká."
Ó yí padà lórí ẹní, ó dákẹ́ pẹ́,
mo ti rò pé ó sùn.
"Tílẹ̀ bá mọ́," ó wí,
"gbé àpò láfún yẹn sọ̀kalẹ̀."